Ìyàwó Tó Fi Abẹ́ Ilẹ̀ Jí Ọ̀dùnkún

Ẹjọ́ tó wọ ààfin Baálẹ̀ lánàá, àfi kéèyàn fọwọ́ bo ẹnu. Dà-á-sí-i ló pe ìyàwó rẹ̀ lẹ́jọ́. Ohun gbogbo ni ọkùnrin náà máa ń dà sí i jù, òun ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ bẹ́ẹ̀. Etí omi oníyọ̀ loko wọn wà; bí oòrùn bá mú, ojú ilẹ̀ á funfun bí ẹni da ìyẹ̀fun sí i.

"Baálẹ̀, ìyàwó mi ń jà mí lólè! Ebè wa kángun síra. Nínú tèmi, àwọn kan gbẹ, àwọn tó yè sì hu ewé dé orúnkún. Mo wà á, gbòǹgbò lásán! Tirẹ̀, ọ̀dùnkún bí orí ọmọ tuntun. Abẹ́ ilẹ̀ ló gbà fa tèmi lọ. Kó kó o fún mi, kó máa lọ sílé bàbá rẹ̀!"

Baálẹ̀ bi í pé, "O fi ajílẹ̀ òyìnbó sí i?"

"Háà! Àpò kan. Nígbà tí ewé rẹ̀ ń rọ, mo da òmíràn sí i."

Baálẹ̀ yíjú sí ìyàwó. "Ìwọ ńkọ́?"

"Ẹ foríjì mí, Baálẹ̀, ọ̀lẹ ni mí. Bàálé mi ní kí n bu abọ́ kan sí ebè kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀yìn ń ro mí. Mo wọ́n bíńtín sí i, mo lọ sùn. Nígbà tó ṣe, mo tún wọ́n bíńtín, mo tún lọ sùn. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà, bàálé mi ní kí n lọ dà á nù. Ó jìnnà. Mo bá rọ́ ọ sínú ebè tèmi."

"Ẹ gbọ́! Ó jẹ́wọ́!"

Wọ́n pe télọ̀ àdúgbò, ẹlẹ́rìí Dà-á-sí-i.

"Ojú mi báyìí ló rí i, Baálẹ̀. Ilẹ̀ ń mì, ọ̀dùnkún ń rìn lọ sọ́dọ̀ obìnrin yìí."

"Níbo lo wà?"

"Nínú ṣọ́ọ̀bù mi."

"Ṣé ó kọjú sóko?"

"Ó kẹ̀yìn sí i."

Ó kan ìyá ọkọ. "Ọmọ mi kì í purọ́. Ìyàwó yìí ló ń ba nǹkan ẹ̀ jẹ́. Igi ọsàn mi náà, bí ọmọ mi ṣe da ajílẹ̀ sí i báyìí ló kú."

"Màmá, ìyàwó ti wọlé nígbà náà?"

"Rárá o, kò tíì mọ̀ ọ́n."

Ìjòyè kan tóun náà dáko létí omi mi orí sí Dà-á-sí-i. "Iyọ̀ ti pọ̀ nílẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀. Ajílẹ̀ tó o dà jọ lẹ́ẹ̀kan, iyọ̀ lórí iyọ̀ ni. Òùngbẹ lo fi pa wọ́n. Èyí tó yè, ewé lo fi ajílẹ̀ bọ́, kì í ṣe ọ̀dùnkún."

Dà-á-sí-i wo ìyàwó rẹ̀, ó wo ìyá rẹ̀, ẹ̀rín gbọ̀n ọ́n.

"Ṣé èmi ni mo jí ọ̀dùnkún ara mi? Ẹ mú mi o, ọwọ́ ti ba olè!"

Baálẹ̀ dájọ́. "Ìyàwó, ọ̀lẹ rẹ jàre. Ìwọ lolórí oko láti òní, má sì jẹ́ kí n gbọ́ pé o ṣiṣẹ́ àṣejù! Dà-á-sí-i, láràárọ̀, ilé tí wọ́n bá ti ń sin ewúrẹ́ ni kó o lọ. Kó o bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, kó o kí àwọn ewúrẹ́ pé, 'Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá mi,' kó o tó kó ìgbẹ́ wọn."

"Bí wọn ò bá dáhùn ńkọ́?"

"Dúró dè wọ́n."

Láàárọ̀ yìí, òbúkọ télọ̀ ló kọ́kọ́ kí. Òbúkọ wò ó tìka-tẹ̀gbin, ó kẹ̀yìn sí i, ó dá a lóhùn sínú apẹ̀rẹ̀ ìgbẹ́ ọwọ́ rẹ̀.

"Ẹ ṣé, sà," ni Dà-á-sí-i wí.