Ọmọ Mélòó Lẹ Ní?

Ká ní ọgbọ́n a máa mú èèyàn sanra ni, ẹnu ọ̀nà ọ́fíìsì ì bá má gba Ọ̀gá Mo-gbọ́n-tán. Erin inú ìṣirò, a-wo-dígí-kó-tó-fọwọ́-síwèé! Ipò ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ìkànìyàn ṣí sílẹ̀, àga ibẹ̀ a sì máa yí bírí. Ojoojúmọ́ ló ń lálàá rẹ̀.

Ohun kan ló dí i lọ́nà. Ọdọọdún ni ìwádìí ń sọ pé àwọn obìnrin ò bímọ tó bí ìyá wọn ti bí mọ́, ìjọba sì fẹ́ mọ ìdí. Mo-gbọ́n-tán ò wá ìdí kankan. Ẹni tó bá mú ìròyìn ayọ̀ wá ni wọ́n ń gbé àga fún.

Ó mú ìbéèrè àtijọ́ inú fọ́ọ̀mù ìwádìí náà, "Ọmọ mélòó lẹ bí?", ó yínmú sí i. Ó ní "bí" yẹn ò bójú mu lẹ́nu ọ̀mọ̀wé. Ó fi "ní" rọ́pò rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ní ọ̀tọ̀ ni ká bí, ọ̀tọ̀ ni ká ní. Ojú mẹ́rin ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Ọ̀gá ní kò sẹ́ni tó máa kọ́ òun lédè ìyá òun.

Èsì dé, ọmọ ń ya bí omi. Ẹni tí kò bí rí pàápàá lọ́mọ mẹ́fà. Inú ọ̀gá dùn dé ẹ̀yìn etí. Ó pe mínísítà, ó ní kí wọ́n mú ìyá tó lọ́mọ jù lọ wá gbẹ̀bùn. Nọ́ńbà ilé tó wà lórí fọ́ọ̀mù ló ní kí wọ́n fi wá ìyá náà, kò béèrè orúkọ rẹ̀.

Lọ́jọ́ ẹ̀bùn, ìyá arúgbó kan wọ gbọ̀ngàn. Ìyá Mo-gbọ́n-tán ni, tí ọmọ rẹ̀ ò yọjú sí láti ìgbà tí ìyá ti kó lọ sílé tuntun.

Mínísítà béèrè ibi táwọn ọmọ wà. Ìyá ń nàka: aṣọ́nà, awakọ̀, ọmọbìnrin tó ń tún gbohùngbohùn ṣe.

"Ọmọ mi nìyẹn. Ìyẹn náà, ọmọ mi ni. Ìwọ mínísítà, ọmọ mi ni ọ́."

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ bí gbogbo wa?"

"Ta ló bi mí ní ti bíbí? Wọ́n ní mélòó ni mo ní."

Ẹ̀rín gba gbọ̀ngàn kan. Mínísítà béèrè ẹni tó kọ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ Mo-gbọ́n-tán. Ìyá náà wò ó, ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì.

"Èyí nìkan ni mo bí," ó ní. "Àmọ́ mi ò ní i."

Mo-gbọ́n-tán wá àga tó máa jókòó lé, kò rí. Awakọ̀ ti gbé àga rẹ̀ fún ìyá.