Aago Tíṣà Fádùnsìn àti Odó Iyán

Ẹ̀yin tí ẹ pagbo jókòó yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ohun tó mú kí àwọn àgbà máa wí pé a kì í fi ọwọ́ ṣe ẹlẹ́rìí ẹsẹ̀? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri bí ẹni jogún agbádá tí kò mọ ẹni tó rán an. Ó dáa, ẹ sún mọ́ mi. Tíṣà Fádùnsìn ló fà á, òun àti ikùn rẹ̀.

Ìlú Ìdófà lọ́nà Èkìtì ni Tíṣà ń gbé. Láti ọjọ́ tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ni kì í ti í dìde lórí àga mọ́, àfi tí wọ́n bá gbé iyán wá. Ó lè jẹ ìrẹsì abọ́ méjì kó sì búra pé ẹnu òun kò kan oúnjẹ láti àárọ̀. Nígbà tí dókítà wá rí i pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ń ru, ó ní àfi kó máa rìn lójoojúmọ́. Wúràọlá, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà ní Ìbàdàn, bá fi aago kan ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ọwọ́, tó ń ka ìṣísẹ̀ ènìyàn. Ó ti tò ó kó máa kọ Yorùbá sójú. Ọjọ́ tí aago dé ni Ìyá Wúrà, ìyàwó Tíṣà, gbé òfin kalẹ̀.

"Bàbá Wúrà, ọjọ́ tí aago yìí bá ka ẹgbàárùn-ún ìṣísẹ̀, ẹ ó jẹ iyán. Ọjọ́ tí kò bá kà á, ẹ̀wà ni."

"Ẹ̀wà kẹ̀? Èmi Fádùnsìn?"

"Ẹ̀wà funfun. Epo ò ní kàn án."

Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọ̀rọ̀ yìí dun ọkùnrin náà wọra. Ó rìn dé ìsọ̀ àwọn télọ̀, ó jókòó síbẹ̀, ó padà sílé jẹ ẹ̀wà. Ọjọ́ kejì náà, ẹ̀wà. Lọ́jọ́ kẹta, ó yọ́ lọ sílé ọ̀rẹ́ rẹ̀, Lájùwọ̀n, bóyá yóò rí iyán jẹ lẹ́yìn ìyàwó. Iṣu ti jinná lórí iná níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìyàwó Lájùwọ̀n ní apá ń dun òun.

"Tíṣà, ẹni tó bá fẹ́ jẹ ni yóò gún."

Tíṣà ká ọwọ́ aṣọ, ó gbá ọmọ odó mú. Gì, gì, gì! Ó gún títí ó fi làágùn. Iyán kò tíì kúnná tán tí aago fi gbọ̀n lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀, tí ó kọ ọ́ gàdàgbà pé: Ẹ kú oríire, ẹ ti parí ìrìn òní.

"Lájùwọ̀n, mo ti rìn!"

"Rìn lọ síbo? Ìdí odó lo wà láti àárọ̀."

"Aago ló sọ bẹ́ẹ̀. Ṣé aago á purọ́ ni?"

Ó jẹ iyán níbẹ̀, ó relé, ó na ọwọ́ tí aago wà han ìyàwó rẹ̀, ó tún jẹ òmíràn. Bí ìwà ìbàjẹ́ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn o! Kò pẹ́ tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ pé ẹni tó bá ní iṣu tí kò ní apá, kó ránṣẹ́ sí Tíṣà. Ó gún fún abiyamọ, ó gún fún àwọn bíríkìlà, ó gún fún ilé méjì tó ń bá ara wọn jà, ó sì jẹ nínú gbogbo rẹ̀. Nígbà tí yóò fi di ìparí oṣù, aago ti ní ó fi ẹsẹ̀ rin Ìdófà dé Ìlọrin. Àwọn kan ní àwọn kò rí i lójú ọ̀nà rí.

"Ẹ ò lè rí mi," ni Tíṣà wí. "Eré mi ti kọjá ojú yín."

Ìyàwó rẹ̀ nìkan ni nǹkan kan ń kọ lóminú.

"Bàbá Wúrà, ẹ ń rìn tó báyìí, ikùn yín sì ń tóbi sí i?"

"Ibẹ̀ ni agbára ẹsẹ̀ ń gbé."

Obìnrin náà gbà á gbọ́. Àní ó ń fi yangàn. Bí ọdún iṣu tuntun ṣe dé nìyẹn. Àṣà Ìdófà ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò ru iṣu àkọ́kọ́ láti oko ọba wá sí ààfin lórí òkè, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì lórí ẹrù náà. Kò gbọdọ̀ sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kò gbọdọ̀ sọ ọwọ́ sílẹ̀. Ẹsẹ̀ arùṣu ti àtẹ̀yìnwá ti wú. Kábíyèsí béèrè ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀, ni Ìyá Wúrà bá dìde fuu.

"Kábíyèsí, ọkọ mi ni! Aago jẹ́rìí sí i!"

Ẹ̀rù ba Tíṣà. Ṣùgbọ́n tó bá ní òun kò lè rìn, iyán ti parí nìyẹn. Ó gba iṣu.

Áà, ojú rẹ̀ rí màbo lọ́jọ́ náà! Kò tíì dé ìdajì òkè tó fi ń mí hẹlẹhẹlẹ. Lájùwọ̀n ń rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Ni aago bá gbọ̀n lórí iṣu lókè, níbi tí ọwọ́ rẹ̀ kò ti mì rárá.

"Lájùwọ̀n, kí ló wí?"

Lájùwọ̀n nà gágá, ó wò ó. "Ó ní o ti jókòó pẹ́ jù."

"Ta ló jókòó?"

"Ó ní kí o jọ̀wọ́, kí o dìde, kí o rìn díẹ̀."

Tíṣà bú aago náà títí ó fi dé ààfin, bóyá ìbínú yẹn ló tì í débẹ̀. Ó dé ṣá o. Wọ́n gba iṣu lórí rẹ̀, ìlú hó yèè, wọ́n gún iyán tuntun, wọ́n gbé tirẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú ẹran ìgbẹ́. Bó ti ní kó bu òkèlè, ìyàwó rẹ̀ di ọwọ́ náà mú, ó yẹ aago wò, ó sì dé abọ́ iyán padà.

"Ìyá Wúrà! Ìlú rí mi! Ìwọ náà rí mi!"

"Mo rí yín. Ṣùgbọ́n aago ní ẹ kò kúrò lójú kan. Ṣebí ẹ ní kì í purọ́?"

"Irọ́ ló ń pa!"

"Lónìí nìkan ni, àbí láti oṣù tó kọjá?"

Tíṣà wo ìyàwó rẹ̀, ó wo abọ́ tó ń yọ èéfín lábẹ́ ọmọrí. Ojú ń tì í, àmọ́ iyán ń tutù.

"Odó ni mo ń gún!" Ló bá bú sẹ́kún. "Oṣù kan gbáko! N kò rìn dé ibì kankan!"

Ẹ̀rín pa Kábíyèsí débi tí wọ́n fi di apá rẹ̀ mú kó má baà ṣubú. Ìyá Wúrà kò rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀. Ó ṣí abọ́, ó ní kó jẹ tòní, ó ti làágùn fún un. Lẹ́yìn náà ló tú aago kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ìlú, ó so ó mọ́ ọrùn ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀. Okùn aago kò yí i ká, ó fi ọ̀já ìró rẹ̀ kún un.

"Ìyá Wúrà, kí lò ń ṣe yìí?" Tíṣà béèrè, òkèlè lẹ́nu.

"Ẹ máa jẹun yín, Bàbá Wúrà," ni obìnrin náà dá a lóhùn. "A kì í fi ọwọ́ ṣe ẹlẹ́rìí ẹsẹ̀."