Páànù tí Berthe Rù Wá Jẹ́rìí

Ẹjọ́ kan wọ ààfin ní Ita-Djèbou lánàá, páànù ló kọ́kọ́ wọlé kí èèyàn tó tẹ̀ lé e. Berthe ló rù ú. Páànù náà fẹ̀ débi pé òjìji rẹ̀ mú gbogbo adìyẹ àdúgbò lọ sùn lọ́sàn-án gangan.

Bọ́rọ̀ ṣe jẹ́ nìyí. Lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn, òjò ń jò wọ ilé Damien, àbúrò Berthe. Kábíyèsí wá ní kí Océane, ọmọ ọdún mẹ́rin tí Damien bí, lọ máa gbé lọ́dọ̀ Berthe fóṣù mẹ́ta péré. Oṣù ti pé, Damien ti tún òrùlé ṣe, ó fẹ́ ọmọ rẹ̀. Berthe ní ilé náà ṣì ń jò, kí wọ́n fi oṣù mẹ́ta mìíràn kún un.

Ààfin wa kì í sì í gba ẹ̀rí ẹnu lásán. Ohun tóo bá sọ, gbé e wá ká rí i. Ẹni tó pẹjọ́ ògiri lọ́jọ́sí, ògiri ló rù wá. Òun ni ìgbìmọ̀ ń fẹ̀yìn tì títí dòní.

"Ẹ̀rí tuntun ni mo ní kóo mú wá," ni Kábíyèsí wí. "Mi ò fẹ́ ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn."

"Tuntun ni. Ẹ wo ihò mẹ́rin. Òjò àárọ̀ yìí wọlé bí àlejò tí wọ́n pè."

Arnaud, aládùúgbò wọn, jẹ́rìí sí i. Ó ní òun lúwẹ̀ẹ́ nínú yàrá Damien láàárọ̀, òun sì mú ẹja àrọ̀ méjì tó ga ju òun lọ.

"Kí lo wá dé yàrá oníyàrá?"

"Mi ò wọlé rárá, Kábíyèsí. Àkàbà ni mo dì mú fún Berthe, kó má baà jábọ́ níbi tó ti ń tú ẹ̀rí."

Gbogbo ìgbìmọ̀ yíjú sí Berthe.

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n gbé e wá," ni Berthe wí. "Àbí kí n ru gbogbo ilé ni? Ọrùn mi ò gbà á."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ihò ìṣó nìyẹn," Damien dáhùn. "Mo kàn án, ẹ tú u."

"Òjò wọlé àbí kò wọlé?"

"Ó wọlé, nítorí ẹ tú páànù."

"Kábíyèsí, ó ti jẹ́wọ́."

Kábíyèsí rẹ ohùn sílẹ̀. "Berthe, kí ló ń ṣe ọ́ gan-an?"

Berthe wolẹ̀. "Tó bá lọ, ilé mi á dákẹ́ jù. Ta ni màá máa bá jà lórí ẹran?"

Kábíyèsí bá dájọ́: "Océane ti padà di ti bàbá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ kì í gbé ilé tó ń jò. Nítorí náà Damien, ìyàwó rẹ̀, Océane, ewúrẹ́ méje, àti ìyá ìyàwó rẹ̀ tó máa ń hanrun, gbogbo wọn á máa gbé lọ́dọ̀ Berthe títí páànù yóò fi padà sókè. Kí ilé rẹ̀ má dákẹ́ mọ́."

Oòrùn ò tíì wọ̀ tí Berthe ti wà lórí òrùlé Damien pẹ̀lú òòlù. Ihò mẹ́rin ló ń fẹ́ ìṣó. Ogójì ló kàn mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n ìyá ìyàwó Damien ti tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà Berthe. Ó hanrun lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ògiri ẹ̀rí tó wà láàfin lanu.