Aṣọ Ẹ̀rọ Amómigbóná Ààfin

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará Ìdófà-Òkè, ẹni tó ń wẹ̀ lọ́wọ́, kó fi ọṣẹ sílẹ̀ lójú ná, kó kọ́kọ́ gbọ́. Kábíyèsí ló ní kí Ọ̀ṣúndíyà akéde wá bá yín sọ̀rọ̀. Kì í ṣe ogun. Kì í ṣe owó orí. Ọ̀rọ̀ adágún ìlúwẹ̀ẹ́ ààfin ni.

Ẹ dúró ná, kí akéde bojú wẹ̀yìn. Ó dáa.

Ẹ rántí pé Ọ̀ṣúndíyà yìí náà ló kéde pé ẹ̀rọ kan ti dé tó ń fi gáàsì se odindi adágún, pé omi yóò máa lọ́ wọ́ọ́rọ́. Ó ní ẹni tí orúnkún ń dùn, kó máa bọ̀. Ẹ wá, nínú ọyẹ́ yìí, tẹ̀yin ti kànrìnkàn. Ẹ̀rọ ò gbaná. Ìyá Kábíyèsí ti ẹsẹ̀ ọ̀tún bọ omi, wọ́n fà á yọ, wọ́n wo Ọ̀ṣúndíyà látòkè délẹ̀.

Àṣẹ àná ló jáde látibẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un kà, ká tó pa á rẹ́.

Èkíní: kí ẹnikẹ́ni má fi gáàsì dáná títí ẹ̀rọ ààfin yóò fi gbaná, kó má baà máa jowú. Ẹni tó bá dín ẹyin, ẹyin di ti ààfin!

Èkejì: ẹni tó bá ń kọjá, kó kí ẹ̀rọ kú iṣẹ́, bí kò tilẹ̀ ṣiṣẹ́.

Ẹ̀kẹta: ẹni tó kéde omi gbígbóná yóò wọ omi tútù nídàájí, yóò sì jókòó síbẹ̀ títí omi yóò fi gbóná. Títí omi yóò fi gbóná! Ìyá Fọlọ́runṣọ́, ìyàwó akéde, ti ń béèrè èwo nínú agbádá rẹ̀ ni kí òun kọ́kọ́ tà.

Wọ́n pe Yékínì tó ń ta gáàsì. Ó gbé sílíńdà wò, ó kún. Ó ṣí ẹnu sílíńdà. Ó fọ ewé kúrò nínú asẹ́ tí omi ń gbà wọ ẹ̀rọ, omi ń ṣàn geere. Ó tẹ bọ́tìnì. Ẹ̀rọ ta tá-tá-tá, ó dákẹ́. Yékínì ní ó ku ibi kan tóun ò tíì yẹ̀ wò, ṣùgbọ́n abẹ́ aṣọ ni, ta ni òun tí yóò bọ́ aṣọ lára ohun ọba?

Ẹ ṣáà mọ̀ pé ohun ààfin kì í wà níhòòhò. Ọjọ́ tí ẹ̀rọ dé ni àwọn ìjòyè ti fi àrán pupa wé e, tí wọ́n sì dé e ní fìlà.

Ìdájí òní, Ọ̀ṣúndíyà dé etí omi pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé. Eyín rẹ̀ ń lu ara wọn. Ó ti ẹsẹ̀ kan bọ omi. Kò mọ ohun tó ń ṣe mọ́! Ó fa àrán ya lára ẹ̀rọ, ó fi bora, fìlà bọ́ sílẹ̀. Àwọn ìjòyè figbe ta pé èèwọ̀ ni. Igbe ò tíì tán tí ẹ̀rọ fi ta tá-tá-tá, gbùù! Iná ràn. Yékínì ní afẹ́fẹ́ ni kò rí, fìlà ló dí ihò èéfín. Nígbà tí omi fi gbóná, àwọn ìjòyè fẹ́ dá akéde lẹ́jọ́, àmọ́ Ìyá Kábíyèsí ti wà nínú omi dé ọrùn. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má pariwo lórí àwọn.

Nítorí náà, àṣẹ tuntun:

Èkíní: ẹ dín ẹyin yín.

Èkejì: ẹ̀rọ yóò máa wà níhòòhò. Ẹni tójú bá ń tì, kó wo ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹni tó bá fi aṣọ tàbí ẹní bò ó, omi tútù!

Ẹ̀kẹta: bí kò bá tún gbaná, ẹ wo gáàsì, ẹ wo asẹ́, ẹ wo ihò èéfín. Bí ẹ bá gbóòórùn gáàsì, ẹ má ṣáná. Ẹ sá. Ẹ sá tán kí ẹ tó pe Yékínì.

Ẹ̀kẹrin: àrán tó ti kan ara akéde kò lè padà sára ohun ọba. Ìyá Kábíyèsí ní kó máa wọ̀ ọ́. Òun ló wọ̀ dúró níwájú yín yìí. Oòrùn ti mú, ó ń làágùn, kò sì ní bọ́ ọ.

Ó parí síbẹ̀ lẹ́nu akéde. Ẹni tó gbọ́, kó jí ẹni tó ń sùn. Tó bá tún di ọ̀rọ̀ omi gbígbóná, Ọ̀ṣúndíyà yóò kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ ná.