Ìyá Ìjọ Wá Yẹ Eré Kọ́pà Wò

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Ìlàjẹ kan létí odò ní Warri, yàrá kékeré kan wà tí Olúsànmí, kọ́pà ará Ìjẹ̀bú tó ń ṣe tíṣà ní Jeddo, ti máa ń kó àwọn ọ̀dọ́ jọ ní Sátidé. Eré orí tábìlì ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á jókòó, wọ́n á jọ máa fẹnu pìtàn, oníkálùkù á sì di ẹlòmíràn nínú ìtàn náà. Ẹnì kan tí kò níṣẹ́ ti lọ sọ fún Pásítọ̀ pé ẹ̀mí èṣù ni wọ́n ń pè. Ni Pásítọ̀ bá rán Ìyá Ìjọ Abigail wá. Bí eré náà ò bá yé e lónìí, kánópì àti àga ṣọ́ọ̀ṣì ló máa gba yàrá yẹn, àwọn ọ̀dọ́ á sì padà sídìí tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Màmá ti jókòó, báàgì lórí ẹsẹ̀, kọ́kọ́rọ́ yàrá lọ́wọ́. Kọ́pà ti fi gbogbo ọ̀sẹ̀ tú òfin eré náà sí Yorùbá fún un. Ohun tó yẹ kó máa bẹ̀rù gan-an nìyẹn.

KỌ́PÀ: Ẹ káàbọ̀, mà. Kò le rárá. Ohun àkọ́kọ́ ni pé ẹ máa mú ìwà tuntun.

MÀMÁ: Kí ló ṣe èyí tí mo ní?

KỌ́PÀ: Kò ṣe nǹkan kan, mà. Kò kàn wúlò fún eré yìí ni.

MÀMÁ: Láti ìgbà tí mo ti dé Warri ni mo ti ń lò ó. Ọkọ mi ò ráhùn.

KỌ́PÀ: Ẹ̀dá inú ìtàn ni mò ń wí, mà. Ẹni tí ẹ máa jẹ́. Ẹ yan ọ̀kan: oṣó, olè, jagunjagun, àbí àlùfáà.

Màmá wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn gbọ́.

MÀMÁ: Nínú ilé Olúwa lo ti ní kí n yan láàárín oṣó àti olè.

KỌ́PÀ: Àlùfáà náà wà níbẹ̀, mà.

MÀMÁ: Kí ni àlùfáà ń bá wọn ṣe?

KỌ́PÀ: Wọ́n jọ ń rìnrìn àjò ni.

MÀMÁ: Ṣé ìyàwó rẹ̀ mọ̀?

KỌ́PÀ: Ẹ jẹ́ ká mú àlùfáà, mà. Ẹ wà nínú igbó. Ẹranko olórí méjì jáde sí yín, ó yanu. Kí lẹ máa ṣe?

MÀMÁ: Mo máa gbààwẹ̀.

KỌ́PÀ: Ààwẹ̀.

MÀMÁ: Ọjọ́ mẹ́ta. Gbígbẹ.

KỌ́PÀ: Màmá, ẹranko náà ti dé iwájú yín.

MÀMÁ: Òun náà lè bá mi gbà á.

KỌ́PÀ: Ó ti fò mọ́ yín, mà. Ẹ da dáìsì yìí, ká mọ̀ bóyá ẹ yẹ̀ ẹ́. Ẹ má wo bí ojú rẹ̀ ṣe pọ̀, bíi ti ludo náà ni: iye tó bá pọ̀ ló dára.

Màmá mú dáìsì, ó mì í bí ẹni ń mi ìgò oògùn ọmọdé, ó dà á. Ó bọ́ sí méjì.

KỌ́PÀ: Ẹ kú, mà.

Màmá ń retí ìyókù.

MÀMÁ: Kú kí ni?

KỌ́PÀ: Mà?

MÀMÁ: O ní ẹ kú. Kú ìjókòó àbí kú iṣẹ́? Àbí báyẹn ni wọ́n ṣe ń gé ìkíni sí méjì ní Ìjẹ̀bú?

KỌ́PÀ: Kì í ṣe ìkíni, mà. Ẹranko yẹn ti pa yín. Ẹ kú, ó parí.

Màmá dìde, ó gbé báàgì kọ́ apá.

MÀMÁ: Mi ò gbà á. I reject am. Ẹni tó rán ọ, padà lọ jíṣẹ́ fún un. Back to sender.

KỌ́PÀ: Abeg, Màmá, no vex. Ẹ jẹ́ ká yí i padà. Ẹ ò kú. Ẹ sùn ni.

MÀMÁ: Nínú Olúwa?

KỌ́PÀ: Rárá o, mà. Ẹ kàn sùn lásán.

MÀMÁ: Oorun yẹn náà la kọ sórí pósítà ìsìnkú ìyá ọkọ mi.

Ó ti di ilẹ̀kùn mú. Kọ́pà rí àwọn ọ̀dọ́ rẹ̀ lọ́kàn níwájú ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́.

KỌ́PÀ: Màmá, kò tíì bàjẹ́. Ogún ṣì lè gbà yín.

MÀMÁ: O ṣẹ̀ṣẹ̀ ní mo kú, o ti dé orí ogún.

KỌ́PÀ: Kì í ṣe ogún yẹn, mà.

MÀMÁ: Ọkọ̀ ojú omi kan àti ààrò tí mo fi ń yan ẹja ni mo ní. Àwọn ọmọ mi ti mọ̀. Tìẹ ò sí níbẹ̀.

KỌ́PÀ: Ogún tí à ń kà ni, mà. Ọ̀kàndínlógún, ogún. Ojú dáìsì ló wà.

Ojú tí Màmá fi wò ó kò ní ìdáríjì nínú. Kọ́pà pa ìwé òfin dé, ó jókòó lé e.

KỌ́PÀ: Màmá, ẹ gbàgbé gbogbo ohun tí mo ti wí. Ẹranko yẹn kàn gbá yín. Ó rẹ̀ yín, ẹ jókòó sídìí igi.

MÀMÁ: Ó rẹ̀ mí. Ìyẹn lè ṣẹlẹ̀.

KỌ́PÀ: Kí lẹ wá fẹ́ ṣe sí i? Ohunkóhun tó bá wù yín, mà.

Màmá fi ilẹ̀kùn sílẹ̀. Ó padà jókòó.

MÀMÁ: Orí méjì lo ní ó ní?

KỌ́PÀ: Méjì, mà.

MÀMÁ: Èwo ló ń jẹun nínú wọn?

KỌ́PÀ: Mi ò ronú kàn án rí. Ẹ yàn, mà.

MÀMÁ: Apá òsì ló ń jẹun. Mo máa lọ bá ti ọ̀tún, mo máa bi í pé ṣé báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe sí i nínú ilé yìí.

KỌ́PÀ: Ẹ fẹ́ dá ìjà sílẹ̀ láàárín orí àti orí.

MÀMÁ: Mi ò dá ìjà kankan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni mo béèrè. Gbé dáìsì yẹn wá.

Fóònù dún. Màmá na ìka sí Kọ́pà pé kó má tẹ̀ síwájú láìsí òun, ó gbé e sétí.

MÀMÁ: Pásítọ̀ sà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa kó kánópì yẹn lọ sílé Bàbá Stephen. Bẹ́ẹ̀ ni, sà, mo ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Rárá o, kò sí ẹ̀mí èṣù níbí. Ẹranko olórí méjì kan ló wà, mo sì ti ń bá orí kan sọ̀rọ̀.