Ọba Mẹ́fà Tí Kò Fẹ́ Kọ́kọ́ Mi Ife

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Ará ìlú Sarúfà, ẹni tó ń fún ràkúnmí lómi, kó dúró ná. Ẹni tó ń jẹ dàbínù, kó tu kóró rẹ̀ dànù kó lè gbọ́rọ̀. Gánímù akéde ló dúró lórí odi ẹnubodè yìí. Ọba ló rán an, kì í ṣe ẹnu ara rẹ̀.

Àwọn ọba ilẹ̀ Lárúbáwá mẹ́fà tó múlé ti ara wọn ti pinnu láti di ọ̀kan. Ọ̀kan ni wọ́n! Ọ̀kan ṣoṣo! Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n ti gbà bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ ta ni yóò wà lókè ni wọn kò tíì gbà.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, àlejò tí kò bá mi ife kọfí rẹ̀ láti fi hàn pé ó ti tó, a ó máa bu sí i ni. Ní ìpàdé àkọ́kọ́, kò sí ọba tó fẹ́ kọ́kọ́ mi ife, kí wọ́n má baà ní òun ló kọ́kọ́ juwọ́ sílẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni wọ́n fi mu kọfí. Ọrùn ọwọ́ ẹni tó ń bù ú wú. Oorun kò kun ọba kankan, inú àìsùn yẹn ni wọ́n sì ti ṣe àwọn òfin wọ̀nyí.

Òfin kìn-ín-ní. Àwọn ọba yóò máa mi ife pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí tó bá pẹ́ mi tirẹ̀, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn délé.

Òfin kejì. Ọmọ ogun wa ti di ọ̀kan. Sarúfà yóò di ìbọn mú, Jumáyà tó wà lódìkejì odi yìí yóò di ọta mú, ìlú kẹta yóò tọ́jú kọ́kọ́rọ́ àpótí ọta. Ọ̀tá tó bá ń bọ̀ gbọ́dọ̀ fún wa ní ọjọ́ mọ́kànlá. Èyí tó bá dé ṣáájú, aláìlẹ́kọ̀ọ́ ni.

Òfin kẹta. Ìlú ńlá kò gbọdọ̀ sọ pé òun tóbi. Ìlú kékeré kò gbọdọ̀ rántí pé òun kéré. Ẹni tó bá yọ máàpù jáde, ẹgba ogún.

Òfin kẹrin. Àṣá ọdẹ tó bá fò kọjá ààlà gbọ́dọ̀ mú ìwé ìrìnnà dání.

Òfin karùn-ún ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ tún gbọ́, òun ló ṣe pàtàkì jù. Ẹnubodè yóò ṣí gbayawu fún tọmọdé tàgbà, nígbà tí ìlú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bá ti gbọ́ ìkéde yìí lẹ́nu akéde kan ṣoṣo. Gánímù ni akéde náà. Kí ó tó kéde ní Jumáyà, ó gbọ́dọ̀ gba ẹnubodè kọjá. Kí ẹnubodè tó ṣí, ó gbọ́dọ̀ ti kéde ní Jumáyà. Ẹni tó bá rẹ́rìn-ín, ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà, oṣù kan lọ́dọ̀ ọba kọ̀ọ̀kan.

Gánímù kò rẹ́rìn-ín. Maisúnà ọmọ rẹ̀ ló bímọ sí Jumáyà lọ́hùn-ún, ilé kẹta sí odi yìí. Òní ló pé ọjọ́ keje. Nílé wọn, bàbá àgbà ló ń pe ìrun sétí ọmọ, òun náà ló ń sọ ọ́ lórúkọ. Ó ti tọrọ àyè lọ́dọ̀ àwọn ọba. Ọba kọ̀ọ̀kan ní kó lọ bi àwọn márùn-ún yòókù. Ó dùn ún dọ́kàn.

Òfin kẹfà. Ohunkóhun tí ìwé òfin yìí bá dárúkọ kò gbọdọ̀ kọjá lórí odi. Gánímù ka ìwé náà lẹ́ẹ̀mẹta. Wọ́n dárúkọ ènìyàn, wọ́n dárúkọ ràkúnmí, wọ́n dárúkọ àpò ìyẹ̀fun. Wọn kò dárúkọ ohùn.

Nítorí náà, ó ti yíjú sí òdìkejì báyìí. Ẹ gbọ́ o, ará Jumáyà! Gbogbo ohun tí Sarúfà gbọ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ. Maisúnà, gbé ọmọ jáde, kọ etí ọ̀tún rẹ̀ sí odi. Kí gbogbo ìlú dákẹ́, bàbá àgbà fẹ́ pe ìrun.

Ó ti pè é. Humaidì ni orúkọ ọmọ náà. Humaidì!

Ìlú méjì ti gbọ́, ó ku mẹ́rin. Wọ́n rán Gánímù, ó ti jẹ́ iṣẹ́. Ọ̀fun rẹ̀ gbẹ. Ẹ bu omi fún un, ẹ má bu kọfí.