Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ fún Àna Mi Lórí Òrùlé Mọ́tò

Ọjọ́ Sátidé kan wà tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí n ó fi darúgbó. Ìyàwó mi gan-an ò ní jẹ́ kó kúrò. Bí àlejò bá ti jẹun tán nílé wa ní Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, yóò wò mí lójú, yóò ní, "Bàbá Àmínà, ẹ sọ ti kárìà fún wọn." Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, kí ẹlòmíràn má bàa fi àbùmọ́ sí i.

Ìyá ìyàwó mi ni wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún ní orúnkún, Sátidé yẹn ni wọn yóò sì kúrò ní ọsibítù lọ sílé wọn ní Ọ̀yọ́. Dókítà ti kìlọ̀ pé wọn ò gbọdọ̀ sùn nílẹ̀ mọ́. Orí ẹní ni Màmá sì ti ń sùn láti ìgbà tí mo ti mọ̀ wọ́n. Mo wá ní kí káfíńtà kan ní Sábó kan bẹ́ẹ̀dì tó ga fún wọn. Bàbá ìyàwó mi, Àlàájì, awakọ̀ lọ́rì tó ti fẹ̀yìn tì, pè mí lórí fóònù pé, "Ọmọ mi, ṣé kí n wá ẹni tó ní píkọ́ọ̀pù?" Ẹnu mi kàn yá ni. Mo ní, "Háà, Bàbá! Èmi tí mo ní mọ́tò tó ní kárìà? Kó tó di aago mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀dì á ti wà ní yàrá Màmá."

Irin méjì tó dábùú òrùlé mọ́tò mi ni kárìà tí mò ń wí. Wọ́n sún mọ́ra jù, bẹ́ẹ̀dì ò lè jókòó lé wọn dáadáa, àfi kí n sún ti iwájú síwájú sí i. Láti ọdún mẹ́ta tí mo ti ra tòkúnbọ̀ náà, n ò fọwọ́ kan kárìà yẹn rí. Aago méje àárọ̀ ni mo ti wẹ̀, mo ti wọ jalamíà funfun, torí ilé àna kì í ṣe ibi tí wọ́n ń wọ àkísà lọ. Mo ní ìṣẹ́jú márùn-ún ni n ó fi sún un, kí ni mo tún fẹ́ bọ́ṣọ fún?

Mo tì í, kò mira. Mo fà á, kò mira. Mo ní ó ti dógùn-ún ni. Mo da kẹrosíìnì sí i, mo jókòó kó lè wọlé, mo sì ń fi kọ́kọ́rọ́ kékeré kan tó wà lára kọ́kọ́rọ́ mọ́tò ro etí, bí mo ṣe máa ń ṣe tí mo bá ń ronú. Ẹni tó ta mọ́tò náà fún mi ló kó gbogbo rẹ̀ fún mi, òun náà ò sì mọ ohun tí ti kékeré yẹn wà fún.

Ìyàwó mi yọjú. "Ẹ ò ṣe pe mẹkáníìkì?"

"Mẹkáníìkì kẹ̀? Torí irin kan ṣoṣo? Fi mí sílẹ̀ jàre."

Mo gbé òòlù. Mo lù ú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀kẹrin òòlù yọ̀ lọ́wọ́ mi, ó bá dígí ẹ̀gbẹ́ mọ́tò, dígí sì fọ́ yángá. Mo wọ kíṣínì lọ gbé epo pupa, mo dà á sí gbogbo ojú ọ̀nà tí irin náà ń gbà. Ẹ mọ̀ pé jalamíà funfun àti epo pupa kì í ṣọ̀rẹ́. Mo tún so okùn mọ́ irin náà, mo so orí okùn kejì mọ́ ẹ̀ka máńgòrò tó wà níwájú, mo wọnú mọ́tò, mo sì rọra ń fà sẹ́yìn. Irin ò kúrò níbẹ̀. Ẹ̀ka máńgòrò ló ya, tòun tèso, ó já lé bọ́nẹ́ẹ̀tì.

Inú wá bí mi wàyí. Aago méjìlá ti kọjá. Mo ń rí Màmá lọ́kàn mi, tí wọ́n fi ọ̀pá tilẹ̀ wọ yàrá, tí wọn ò rí ibi jókòó, torí pé ọkọ ọmọ wọn lẹ́nu jù. Mo ní irin yìí kéré, lónìí ni a ó mọ ọ̀gá láàárín èmi àti ẹ̀. Mo gun orí òrùlé, mo fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹ̀, mo sì fà á pẹ̀lú gbogbo agbára mi. Ìdí irin náà ṣí díẹ̀, etí jalamíà mi wọ abẹ́ rẹ̀, ló bá tún padé pàó. Mo fa aṣọ títí, kò jáde. N ò sì lè bọ́ ọ sílẹ̀, ṣòkòtò bọ́ọ̀lù àtijọ́ kan ló wà lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ sì ti ya.

Ibi tí mo ti ń pariwo kí ìyàwó mi gbé sísọ́ọ̀sì wá ni ọ̀kadà kan ti dúró lẹ́nu ọ̀nà. Àlàájì ló sọ̀. Wọ́n ti pè mí láìmọye ìgbà, fóònù sì wà ní yàrá. Wọ́n rò pé jàǹbá ló ṣe mí lójú ọ̀nà, ni wọ́n bá wọkọ̀ láti Ọ̀yọ́, wọ́n ń wá mi bọ̀.

Ojú tì mí! Bàbá ìyàwó mi nílẹ̀, èmi lókè. Ta ló bí mi tí n ó dúró sókè máa wo àna mi nísàlẹ̀? Orí òrùlé náà ni mo nà gbalaja sí, mo dọ̀bálẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, sà." Páànù ní "gbò!", ó wọnú.

Àlàájì ò bínú. Ọmọ Ọ̀yọ́ ni wọ́n, kò sí ohun téèyàn ń ṣe tí wọn ò ní kíkí ẹ̀. Wọ́n ní, "Kú…" Wọ́n tún ní, "Kú…" Wọ́n wá ní, "Ọmọ mi, báwo ni wọ́n ṣe ń kí ẹni tó wà lórí òrùlé mọ́tò?" Ìyàwó mi sáré wọlé lọ rẹ́rìn-ín.

Wọ́n yí mọ́tò po, wọ́n na ọrùn wo ìdí irin náà. "Ihò wo lèyí?"

"Ihò tí omi òjò ń gbà jáde ni, sà," èmi ọ̀gá fèsì látòkè, ní ìdojúbolẹ̀.

"Kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ dà?"

Mo jù ú sí wọn. Wọ́n mú ti kékeré, wọ́n tì í bọ ihò, wọ́n yí i. Kọ́! Wọ́n ṣe tẹ̀gbẹ́ kejì bákan náà. Ìka kan ṣoṣo ni wọ́n fi ti irin náà, ó sì sáré lórí epo pupa lọ síwájú, ó wọ́ èmi àti jalamíà dání. Àárín máńgòrò ni mo balẹ̀ sí.

"Ṣé o ò mọ kọ́kọ́rọ́ yìí ni?"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Kí lo ń fi ṣe?"

N ò lè parọ́ fún àna mi. "Etí ni mo fi ń ro, sà."

Àlàájì wo kọ́kọ́rọ́, wọ́n wo ọwọ́ wọn, wọ́n sì rọra nu ọwọ́ náà mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín pa wọ́n débi tí wọ́n fi di igi máńgòrò mú.

A gbé bẹ́ẹ̀dì lé kárìà ní Sábó, àwọn ni wọ́n sì wa mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́, ẹ̀yìn ń dùn mí. A ṣẹ̀ṣẹ̀ to bẹ́ẹ̀dì tán ni wọ́n gbé Màmá dé. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé ẹsẹ̀ lé e, wọ́n mí kanlẹ̀, wọ́n ní, "Alihamudulilahi. Ọkọ ọmọ mi, o ò ní fi ilẹ̀ sùn láé." Omi bọ́ lójú mi. Láti ọjọ́ náà, kí n tó bá nǹkan jà, mo ti ń kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kódà bí mo bá ti fọ́nnu tán.

Nígbà tí mo fẹ́ máa padà, mo dọ̀bálẹ̀, orí ilẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àlàájì fi nǹkan kan tí wọ́n wé sínú bébà lé mi lọ́wọ́. Mo tú u, ìyẹ́ adìyẹ mẹ́ta ni.

Wọ́n ní, "Ti etí nìyẹn o. Kọ́kọ́rọ́ yẹn, ti mọ́tò ni."

Ìyẹ́ náà ṣì wà nínú mọ́tò. Òrùlé tó wọnú náà ò tíì padà sókè, bí òjò bá sì rọ̀, ojú ibi tí mo fàyà lé ni omi ń dúró sí. Màá kàn wò ó, màá rẹ́rìn-ín, màá sì gbọ́n ọn dànù.